Kí Bọ́ọ̀lù Má Yà Jù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ nípa bowling ní Èkó, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè: báwo ni àwọn ṣe lè mú kí bọ́ọ̀lù àwọn yà bíi ti àwọn tó ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n? Wọ́n ti rí bọ́ọ̀lù tó gba etí pákó lọ, tó kù díẹ̀ kó já sí kòtò, tó wá ṣẹ́rí lójijì tó sì gbá pínnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dànù. Ó dùn ún wò, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó máa béèrè bí a ṣe ń bu apá kan kúrò nínú ìpòòyì bọ́ọ̀lù, kó lè gba ọ̀nà tó tọ́ lọ, ó ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni mo kà sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣeré yìí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa.

Ìpakodò ni mo ń gbé, ní Ìkòròdú. Tí mo bá fẹ́ lọ ṣeré, èbúté wa ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Falomo, kí n tó wá mọ́tò tó máa gbé mi dé ibi tí pákó wà. Bọ́ọ̀lù mi wúwo tó pọ́n-ùn 15, inú àpò aláwọ̀ dúdú ló ń wà. Àwọn tí a jọ ń wọkọ̀ ti rò ó títí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní orí ère ni, òmíràn ní ẹ̀rọ ìlọta ni. Ẹni tó bá sì bá mi gbé e lẹ́ẹ̀kan kì í yọ̀ǹda ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Prince George's County ní Maryland ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Kì í ṣe àwọn ọmọ Yorùbá ló kọ́ mi ṣá o. Àwọn àgbà Aláwọ̀dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ló fi mí mọ̀nà, àwọn tí eré náà ti wà nínú ìdílé wọn tipẹ́. Ó yẹ ká mọ ìtàn wọn. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré náà ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ìyẹn American Bowling Congress, ní òfin pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́ náà, òfin ọ̀hún kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1950. Àwọn Aláwọ̀dúdú kò jókòó dè wọ́n. Ní 1939, ní ìlú Detroit, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, National Negro Bowling Association, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá di The National Bowling Association. Ó di 1986 kí Aláwọ̀dúdú kan, George Branham III, tó gba ife nínú ìdíje PBA, ẹgbẹ́ àwọn tó fi eré náà ṣe iṣẹ́ jẹun. Ní 1993, ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà gba ìdíje Tournament of Champions.

Àwọn àgbà tí mò ń wí yìí kì í yin bọ́ọ̀lù tó yà. Tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ju bọ́ọ̀lù tó yí kọ́rọ́kọ́rọ́, tí gbogbo ilé sì hó, ojú wọn á ti wà lára pínnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù nílẹ̀. "Ṣé yóò lè gbá ìyẹn?" ni wọn yóò máa wí láàárín ara wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní lè gbá a.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń mú bọ́ọ̀lù yà. Láti ìlà tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá títí dé ìdí pínnì iwájú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìbú ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 41 àti ààbọ̀, ègé pákó 39 la sì ń kà láti etí kan dé èkejì. Wọ́n ń fi epo tín-ín-rín pa ojú pákó náà láti ìdí ìlà lọ, ó sábà máa ń dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40. Èyí tó kù, gbígbẹ ni. Ní àwọn ilé tí gbogbo ayé ti ń ṣeré, àárín ni epo máa ń pọ̀ sí, etí méjèèjì kì í ní tó bẹ́ẹ̀. Lórí epo, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ lọ ni, bó ti wù kó máa pòòyì tó. Ìgbà tó bá kúrò lórí epo ni ilẹ̀ á dì í mú, tí ìpòòyì tó ti gbé bọ̀ látòkèèrè á wá fà á sí ẹ̀gbẹ́. Bọ́ọ̀lù ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á yà sí òsì, kó wọ àárín pínnì kìn-ín-ní àti ìkẹta. Tó bá fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà wọlé síbẹ̀, àwọn pínnì á máa gbá ara wọn ṣubú. Ohun tí yíyà wúlò fún gan-an nìyẹn. Kò sí nítorí ẹwà.

Ọ̀rọ̀ tiwa níbí wá yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ṣeré nílùú yìí, epo kì í sí lójú pákó bó ṣe yẹ. Àwọn tó ṣayẹyẹ ọjọ́ ìbí lánàá ti fi bọ́ọ̀lù kó èyí tó wà níbẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó fi òmíràn sí i. Ẹ ò ní fi ojú rí i, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yóò sọ fún yín. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti ìdajì ọ̀nà, yóò fo pínnì iwájú dá, yóò sì bọ́ sí apá òsì, ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Brooklyn. Nígbà míì kòtò òsì ló ń gbà á. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta láti mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yà yóò wá rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ti di ọ̀tá òun.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó sún ẹsẹ̀ sí òsì, kó sì fi ojú sun ọ̀nà mìíràn. Òótọ́ ni, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ègé pákó 39 péré ló wà. Ìgbà tó bá sún títí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró lójú ọ̀nà ẹlòmíì, ọwọ́ ló kù tí yóò tún ṣe.

Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí ní kékeré ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ tó kàn yìí. Òkòtó kì í pòòyì nítorí pé a ní agbára. Àtàǹpàkò gba ọ̀nà tirẹ̀, ìka àárín gba ọ̀nà tirẹ̀, ìfọwọ́kàn ìkẹyìn yẹn ló ń mú un dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù wa. Àtàǹpàkò ló ń kọ́kọ́ jáde nínú ihò, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e á ṣì kù nínú ihò tiwọn. Àsìkò bín-ín-tín tí ìka méjì yìí nìkan fi gbé bọ́ọ̀lù dání ni ìpòòyì ti ń wá. Bí àsìkò náà bá gùn, ìpòòyì á pọ̀. Bí àtàǹpàkò àti ìka bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde pọ̀, ìpòòyì á dín kù.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà pọ̀. Èkíní ni iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń pòòyì láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń fi ọwọ́ tútù ju bọ́ọ̀lù kì í sábà ju 300 lọ, àwọn alágbára máa ń kọjá 400. Èkejì ni ìhà tí ìpòòyì náà kọjú sí. Bọ́ọ̀lù lè máa pòòyì kíkankíkan kó sì máa lọ síwájú tààrà, bí ìpòòyì náà bá kọjú sí àwọn pínnì. Tó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ nìkan ló máa ń yà kíkankíkan nígbà tó bá dé ibi gbígbẹ. Nítorí náà, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà jù, ìhà ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan iye.

Láti tún ìhà ṣe, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fojú inú wo aago kan lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Kí ìka wà ní ibi tí aago mẹ́fà wà, kó sì wà níbẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi lọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ìka wa ń sá lọ sí aago mẹ́rin tàbí mẹ́ta kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́, nítorí pé a ti pinnu nínú ọkàn wa pé a fẹ́ yí i. Tí ọwọ́ bá parí sókè níwájú ojú, tí àtẹ́lẹwọ́ sì kọjú sókè, ó dára. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sí òsì tàbí sí ilẹ̀, ọwọ́ ti yí bọ́ọ̀lù po nìyẹn, kò sí àwíjàre.

Iye wà lọ́wọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹni tó bá ká ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọnú, tó fi gbé bọ́ọ̀lù lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń pèsè ìpòòyì púpọ̀ sílẹ̀. Kó jẹ́ kó tọ́, ìpòòyì á dín. Kó jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, yóò dín sí i, torí pé àtàǹpàkò kò ní lè tètè yọ, òun àti ìka á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ lọ. Ìgúnpá náà wà níbẹ̀: tó bá tẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kúrò, ó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè ni, ìpòòyì sì ń pọ̀ sí i.

Ibi tí mo wá fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ nìyí. Níbi ìdúró ni a ti ń ṣe àtúnṣe yìí, kí a tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Ẹni tó bá gbé ọrùn ọwọ́ bó ṣe máa ń gbé e, tó rìn títí dé ìdí ìlà, tó wá fẹ́ dín ìpòòyì kù ní ìṣẹ́jú àáyá tó fẹ́ jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ yóò dá dúró lójijì, yóò fún bọ́ọ̀lù mọ́ra, bọ́ọ̀lù yóò sì gba ibi tí kò fi ọkàn sí. Mo ti rí i lára àwọn ọ̀gá eré pàápàá. Kí ọrùn ọwọ́ ti tẹ̀ bó ṣe fẹ́ kó rí láti ibi tó dúró sí, kí apá wá máa fì lọ fì bọ̀ láìsí pé a fi agbára kún un. Ohun tí a bá ti pinnu níbi ìdúró kò ní gba ìrònú mọ́ nígbà tí ọwọ́ bá dé ìsàlẹ̀.

Fífún bọ́ọ̀lù mọ́ra tún ní orísun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í wò: ihò àtàǹpàkò. Ihò tó bá gbòòrò jù máa ń mú kí àtàǹpàkò tẹ̀ láti fi di bọ́ọ̀lù mú, ọwọ́ tó bá sì ti dì í mú báyẹn yóò yí i dandan. Téèpù díẹ̀ nínú ihò náà ló ń wo ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń fi ọdún gbáko wá oògùn sí. Bọ́ọ̀lù tí à ń bá nílé eré, tí gbogbo ènìyàn ń lò, kò sí ẹni tí ihò rẹ̀ bá mu, nítorí náà ẹ máa mú téèpù lọ.

Eré sísá bọ́ọ̀lù náà ṣe pàtàkì. Bọ́ọ̀lù tó yára kì í pẹ́ lórí ibi gbígbẹ, kò ní ráyè yà. Àmọ́ ẹ má fi èjìká tì í. Ẹ kàn gbé bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbi ìdúró, kó lè fì láti òkè wá, kí ẹsẹ̀ sì yára díẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára apá wá a, apá rẹ̀ yóò gba iwájú ara kọjá sí òsì, yóò sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń sá kúrò.

Ọmọkùnrin kan láti Ìgbógbó wá bá mi nígbà kan, alágbára ni, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nípọn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa yà débi pé kòtò òsì ló mọ̀ jù. Mo ní kó dúró ní ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ìlà, kó má rìn rárá, kó kàn máa fì í kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo lẹ téèpù funfun kékeré sí apá ọ̀tún bọ́ọ̀lù, ní ibi tí kò ní kan ilẹ̀. Bí ìpòòyì bá ń lọ síwájú, téèpù á dúró sí ọ̀tún títí. Bó bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, téèpù á yí kọjú sí ẹni tó jù ú. Ti ọmọ yìí ń wo àwa méjèèjì lójú ni.

"Bàbá, tí mi ò bá yí i, ṣé kò ní dà bíi tàwọn ọmọdé?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé pínnì ń béèrè ọjọ́ orí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Mo ní kó gbá pínnì kẹwàá, èyí tó wà ní igun ọ̀tún pátápátá, tí bọ́ọ̀lù tó ń yà sí òsì máa ń sá fún. Kò rí i gbá. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó bọ́ sí apá òsì, kó jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn, kó fi ojú sun ọfà tí wọ́n yà sí àárín pákó, kí bọ́ọ̀lù gba orí epo tó kù láàárín kọjá sí igun. Nígbà tó gbá a, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo èmi náà. "Ẹ̀yin Bàbá, kò ṣe nǹkan kan o." Bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣe nǹkan kan, pínnì sì ṣubú.

Àwọn kan lè sọ pé bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, bí ẹni ń kọ́ni láti máa bẹ̀rù ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹni tó bá gbá pínnì 9 nígbà gbogbo, tó sì ń gbá ẹyọ kan tó kù lẹ́yìn rẹ̀ láìtàsé, yóò fi 190 parí eré láìní strike kan ṣoṣo, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kó pínnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nílẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí bọ́ọ̀lù wọn ń yà bó ṣe wù wọ́n tí wọn kò dé 150 rí. Walter Ray Williams Jr., ẹni tó gba ife PBA 47, tí ẹnikẹ́ni kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò fi yíyà púpọ̀ gba orúkọ. Títọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ti jẹ́ ọ̀gá àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́fà nínú eré jíju irin bàtà ẹṣin, eré tí kò ní àrékérekè kankan ju kí ohun tí a jù bà sí ibi tí a fojú sùn. Jason Belmonte ọmọ Australia ni ìdàkejì rẹ̀: ọwọ́ méjèèjì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, kì í ti àtàǹpàkò bọ ihò, ìpòòyì rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó sì ti gba ife ńlá 15. Òun gan-an ni gbogbo ọ̀dọ́ ń fẹ́ fara wé. Ẹ wá wò ó nígbà tí pínnì kan bá ṣẹ́kù fún un. Bọ́ọ̀lù oníke tí kì í yà ló ń gbé, ó sì ń jù ú tààrà.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí n dákẹ́ ẹ̀kọ́ ọrùn ọwọ́, kí n sọ pé kí oníkálukú ra bọ́ọ̀lù tí kì í yà. Bọ́ọ̀lù polyester ti wà láti nǹkan bí ọdún 1960, ojú rẹ̀ dán, ilẹ̀ kì í tètè dì í mú. Urethane dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, resin tó ń fa epo mu dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, láti ìgbà náà ni yíyà ti di ohun tí owó lè rà. Mo ní bọ́ọ̀lù polyester, mo sì ń fi í kó pínnì tó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ yíyí lára yóò yí òun náà, pàápàá lórí pákó tí kò lépo. Bọ́ọ̀lù tí ẹ̀ ń bá nílé eré ní Èkó, polyester ló pọ̀ jù nínú wọn, síbẹ̀ ẹ ń rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi wọ́n bá kòtò òsì lò.

Ní Baltimore, tí kò jìnnà sí ibi tí mo gbé ní Maryland, wọ́n ní irú bowling mìíràn tí wọ́n ń pè ní duckpin. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò wúwo tó pọ́n-ùn mẹ́rin, kò ní ihò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sì ni ẹnì kan ń jù ú kó tó kan ẹlòmíì. Ẹ óò rò pé ó rọrùn. Kò tíì sí ẹni tó gba 300 nínú rẹ̀ rí nínú ìdíje. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nígbà náà láti lọ tún ọwọ́ mi ṣe, torí pé ibẹ̀ kò sí ihò tí ìka á fi gbé ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ara náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi tipátipá yí bọ́ọ̀lù pọ́n-ùn 14, tí ìka rẹ̀ há sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa san gbèsè. Tó bá dùn yín di ọjọ́ kejì, ẹ má fi róòbù pa á kí ẹ sì tún padà síbẹ̀. Ẹ sinmi. Tí kò bá lọ, ẹ rí dókítà.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń kọ́ ilé bowling káàkiri Èkó báyìí. Owó ńlá ni ẹ ń ná sórí iná aláràbarà, orin àti àga onítìmùtìmù, a sì ń dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fi epo sójú pákó, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan máa lò ó láràárọ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ fi pákó kan sílẹ̀ lọ́sán àárín ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ, nígbà tí kò sí ayẹyẹ. Tí ẹ bá sì ń wá ibi tí ẹ ó kọ́ èyí tó kàn sí, ilẹ̀ wà ní Ìkòròdú, èbúté sì wà ní Ìpakodò fún àwọn tí yóò máa ti òdìkejì ọ̀sà wá.